Ohun Tí Inú Rẹ̀ Yóò Gbà

Búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì ni. Bàbá Télọ̀ ti rẹ ẹ́ títí ó fi di omi, ó ti fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí ohun tí eyín lè bá jà nínú rẹ̀ mọ́, ó sì ti fi sùúrù bù ú sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lóògùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi padà wá. Ó gbé bàsíà lé orúnkún, ó ń wò ó.

"Ẹ má wò ó mọ́," ni Ìyá wí láti orí ìrọ̀rí. "Wíwò ò ní jẹ́ kó padà wọlé."

"Mi ò wò ó."

"Ẹ ń wò ó. Ẹ ń wò ó bí aṣọ tí ẹ gé ṣì."

Bàbá Télọ̀ gbé bàsíà sílẹ̀, ó fi ìnura bò ó. Ọjọ́ kẹta rèé. Ìrẹsì tí wọ́n sè tó rọ̀ bí òwú ti padà wá. Omi ẹran tí onílé-èrò gbé wá, tí ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀, padà wá kó tó tutù. Wàrà ò tilẹ̀ dé inú. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí nọ́ọ̀sì kan pò fún un lánàá nìkan ló ń dúró, ìyẹn náà bó bá jẹ́ ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún, ọmọbìnrin kúkúrú kan tí kò gbọ́ èdè wọn, ti fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Ìyá sókè, ó sì jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró gan-an síbi tó fà á dé, bí ìṣẹ́po aṣọ tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo Bàbá Télọ̀ lójú, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń jẹun, ó sì mirí. Ìyẹn ò fẹ́ ògbufọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti la ikùn Ìyá, tí wọ́n yọ ohun tó ń pa á lára, tí wọ́n sì rán an padà. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n fún odindi oṣù kan, ohun tó kúnná, tó ń ṣàn, tí kò lépo, tí kò ní wàrà, ni kó máa gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Ìyá obìnrin ti sá ògì gbẹ kí wọ́n tó kúrò nílé, ó gún un, ó kù ú, ó sì dì í kún agolo ńlá kan. Agolo yẹn ló gbé Ìyá ró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹnu ibodè ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀. Aṣọ́bodè kan ṣí agolo, ó rí nǹkan funfun tó kúnná bí àtíkè, ojú rẹ̀ yí padà. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ògì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èdè wo ló sì fẹ́ fi ṣe é? Bàbá Télọ̀ ṣe bí ẹni ń mu ẹ̀kọ, ó fọwọ́ pa ikùn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba ọ̀ràn jẹ́. Aṣọ́bodè da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà lójú wọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá agolo òfìfo padà fún àgbàlagbà bí ẹni ṣe oore.

Kò pẹ́ tí wọ́n tún wọ bọ́ọ̀sì ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn èrò pariwo, wọ́n fi ìbòrí bomú, dírẹ́bà sì já wọn sílẹ̀ níwájú ilé èrò kan tó kọjú sí títì. Ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó lọ: ó fi ìka ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì ju ọwọ́ nù. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè, tí kò sì lè pa ẹnu mọ́, kò ní wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì yẹn ń kọjá. Òní ló máa tún dé, ní aago mẹ́rin. Bí ó bá tún lọ láìgbé wọn, ọjọ́ mẹ́ta mìíràn nìyẹn, Bàbá Télọ̀ sì ti wo awọ ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn dáadáa. Kò ní ọjọ́ mẹ́ta nínú mọ́.

"Bàbáa wọn," ni Ìyá tún pè.

"Mo ń gbọ́."

"Ẹ má jẹ́ kí n kú síbí o. Mi ò mọ ẹnì kankan níbí."

"Ta ló ń sọ ti ikú?"

"Èmi ni. Àbí ẹlòmíì wà nínú yàrá ni?" Ó mí, ó sinmi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti di iṣẹ́ fún un. "Àgbàdo ò lè ṣàìsí níbí. Ẹ lọ wá ìyẹ̀fun rẹ̀, èyí tó funfun, tó kúnná. Ẹ fi ọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ ò mọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ nǹkan fi ọwọ́ pa."

Òótọ́ ni. Àwọn tó mọ Bàbá Télọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ṣì ń sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ títí dòní. Bí o bá di ojú rẹ̀, tí o fi ègé aṣọ márùn-ún sí i lọ́wọ́, yóò sọ èyí tó jẹ́ òwú, èyí tó jẹ́ sílíìkì, èyí tí alágbàtà ti fi irọ́ lú. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá ló ń gbé àwo síwájú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, òun náà ò sì bèèrè rí pé ibo ni oúnjẹ ti ń wá.

Ó dé fìlà, ó sọ̀ kalẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti lù.

Ìlú náà kò burú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fọ iwájú ilé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Èyí gan-an ló dun Bàbá Télọ̀, pé gbogbo wọn ti jẹun. Ó rí i lára wọn bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló fìyà jẹ ẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í já lu oníṣòwò bí olè, ó gbọ́dọ̀ kí i ná. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọjà, ṣé ara le, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ..." Kó tó dé orí àwọn ọmọ, ọmọbìnrin tó ń tajà ti yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti tà fún un, ó ti tún tà fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìgbà mẹ́ta ló kí i, ìgbà mẹ́ta ló fò ó. Nígbà tó wá rí i pé ìkíni ló ń pa òun, ó nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ṣe bí ẹni di odindi àgbàdo mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì fà á lọ fà á bọ̀ níwájú eyín.

Ojú ọmọbìnrin náà là. Ó sáré wọlé, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ rẹ̀ jáde.

"Rárá, ọmọ mi," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Eyín mi ò ṣẹ̀ mí."

Ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹja inú agolo. Ìkẹta, wọ́n fi ọwọ́ júwe ọ̀nà kan fún un, ó rìn ín títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Oòrùn ti mú. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lójú títì, ọkàn rẹ̀ á já, á ní bọ́ọ̀sì ti dé ṣáájú àkókò.

Nígbà tó tó aago mọ́kànlá ló rí ṣọ́ọ̀bù tó ní ohun gbogbo. Okùn wà níbẹ̀, ìṣó wà níbẹ̀, àlùbọ́sà, ọṣẹ, fìtílà, ẹ̀wà. Àpò ńláńlá tó lanu ni wọ́n tò sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ ògiri: iyọ̀, ṣúgà, ìrẹsì, àti níkẹyìn pátápátá, ìyẹ̀fun kan tó funfun bí eyín ọmọdé. Bàbá Télọ̀ kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó kúnná, ó tutù, ó ń yọ̀ láàárín ìka. Kò sí iyanrìn, kò sí èèpo.

"Ẹ ṣeun, Olúwa," ni ó wí jáde.

Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ń bèèrè, ó tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń fi í fa afẹ́fẹ́ lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú Bàbá Télọ̀ dùn dé góńgó. Ẹni tó mọ̀ pé ríro ni wọ́n ń ro ẹ̀kọ rèé! "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" ni ó wí, òun náà tẹ́ ọwọ́, ó bá a rò ó lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. Àwọn àgbàlagbà méjì dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ro afẹ́fẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Oníṣọ́ọ̀bù wọn ìyẹ̀fun náà fún un sínú bébà, ó sì tún fi ẹ̀kún ọwọ́ kan ṣe èènì.

Obìnrin tó ni ilé èrò máa ń so kọ́kọ́rọ́ bí ogún mọ́ ìdí, o ó ti gbọ́ ọ ní òkè kó tó gba ìsàlẹ̀ kọjá, nítorí náà Ìyá ti sọ ọ́ ní Oníkọ́kọ́rọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ kì í fẹ́ kí àlejò wọ ilé ìdáná òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí àgbàlagbà náà ṣe di bébà ìyẹ̀fun mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó tan sítóòfù fún un, ó gbé ìkòkò kékeré kan fún un, èyí tó dára jù tó ní, ó sì jáde lọ sá aṣọ ibùsùn.

Bàbá Télọ̀ fi omi tútù pò ó gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí Ìyá ṣe é láti ẹnu ọ̀nà. Ó da omi gbígbóná sí i, ó rò ó. Ó funfun, ó ki, ó dára lójú. Ó bu àkọ́kọ́ sínú ife, ó fi ṣíbí lé e, ó sì gun òkè lọ. Àtẹ̀gùn ogún ni. Orúnkún rẹ̀ ò dára, nítorí náà ó ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti rí i o!" ni ó ń pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ìyáa wọn, mo ti rí i!"

Ìyá ti la ẹnu dè é. Bàbá Télọ̀ fi apá kan gbé orí rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ kejì ti ṣíbí bọ inú ife.

Ṣíbí ò wọlé.

Ó tún un tì. Ó ró kó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ó wo inú ife. Nǹkan tó wà níbẹ̀ ti di òkúta, ó gbóná wòòwò láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó mọ ohun tí ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù ń fi ọwọ́ ṣe. Ògiri ló ń rẹ́. Ẹfun tí àwọn bíríkìlà fi ń dí ojú ògiri ni.

Ká ní àtẹ̀gùn ilé yẹn jẹ́ mẹ́wàá ni, ká ní orúnkún rẹ̀ dára ni, nǹkan yìí ì bá ti wà nínú Ìyá báyìí, níbi tí ojú abẹ dókítà ò tíì jinná.

"Ẹ gbé e wá," ni Ìyá wí, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Ó ti tutù jù."

"Mo ní ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀."

"Ó ti tutù jù, Ìyáa wọn! Jẹ́ kí n lọ gbé e kaná." Ó fi ife náà sẹ́yìn.

Ní àkókò yẹn ni ariwo dìde nísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún, ìkòkò ń ró mọ́ ilẹ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ ń ké bí ẹni tí olè jà.

"Kí ló ṣe obìnrin yẹn?" ni Ìyá bèèrè.

"Ó ń kí èèyàn ni."

"Irú ìkíni wo nìyẹn?"

Bàbá Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìwọ̀sí tirẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ ti gbé ìkòkò lé e níwájú imú, ṣíbí ìrokà dúró ṣánṣán láàárín ẹfun bí òpó. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èébú náà, ó sì yé e látòkè délẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Obìnrin náà, tí ẹnì kan ò dọ̀bálẹ̀ fún rí, dákẹ́ lójijì, ó sì sá sẹ́yìn.

Ó jáde. Kò mọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò bó ti ń rìn, ọwọ́ tó fi bọ́ ọmọ mẹ́fà, ọwọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbójú lé láti ìgbà èwe; ó ń wò ó bí ẹni tó da òun. Aago kan ti kọjá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó kù. Kò tilẹ̀ sí ìgboyà láti wọ ọ̀kan mọ́, nítorí báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ oúnjẹ àti èyí tó jẹ́ ikú? Ó ń sunkún, ó sì ń rìn, àwọn èèyàn ń yà fún un.

Òpópónà kan wà lẹ́yìn ilé èrò tí kò tíì gbà. Wọ́n ta okùn níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì sá ẹ̀wù funfun sórí rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Bàbá Télọ̀ fẹ́ gba abẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n télọ̀ ò lè rí kọ́là kó má wò ó, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó. Ó rí i pé kọ́là kan dúró dáadáa, kò wó, kò ṣe pàkà bíi páálí. Ó le, ó sì rọ̀. Ó fi ìka kàn án, ó sì dá ẹsẹ̀ dúró.

Sítáàṣì ni. Sítáàṣì gidi, tí wọ́n fi ọwọ́ sè lórí iná. Kí ni wọ́n sì fi ń ṣe sítáàṣì? Àgbàdo tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́. Kí ni ògì?

Ó gbá ẹ̀wù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì já wọ inú ilé láìkí ẹnikẹ́ni.

Ilé alágbàfọ̀ ni. Ooru ibẹ̀ gbá a lójú. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí iná áyọ́ọ̀nù ti sọ apá rẹ̀ di àbíláàbílà ń lọ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ìkòkò ńlá kan, ó ń rò ó. Bàbá Télọ̀ yọjú sínú ìkòkò. Ó ki, ó ń dán, ó ń hó pù, pù, pù, bí ìkòkò ẹ̀kọ ní ìdájí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ojú ọ̀run wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi búlúù ìfọṣọ sí i.

Ó na ọwọ́ sí ìkòkò, ó na ọwọ́ sí ẹnu. Alágbàfọ̀ fún un lómi. Ó mu ún, kí inú má baà bí i, ó tún na ọwọ́ sí ìkòkò. Alágbàfọ̀ rò pé ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n fi sítáàṣì sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní bọ́tìnnì.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni! Ìyàwó mi ni!" Bàbá Télọ̀ kúkú ń sọ èdè tirẹ̀. "Wọ́n la ikùn rẹ̀. Kò rí nǹkan jẹ. Ó ń kú lọ lókè ibẹ̀ yẹn!"

Ó fi ìka fa ìlà sórí ikùn ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ tí kò sí lọ́wọ́, ó sì fi í rán ìlà náà padà, ojú ọwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe máa rán an gan-an tó bá jẹ́ aṣọ, títí ó fi dé ìsàlẹ̀, ó ta kókó, ó fi eyín gé okùn.

Obìnrin tó ń ro ìkòkò ti dáwọ́ dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, lábẹ́ ìdodo, ní ibi kan náà. Ó wo Bàbá Télọ̀ pẹ́. Ó wí nǹkan kan fún ọkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ọkọ rẹ̀ sì fi bọ́tìnnì sílẹ̀.

Àpò gbígbẹ kan wà nígun yàrá. Obìnrin náà bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e wá. Bàbá Télọ̀ ò lè fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ọ̀hún ti parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ó ń mirí, ó ń fà sẹ́yìn. Obìnrin náà wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ń sá fóògùn, ó fi ahọ́n lá a lójú rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu kí ó lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìka Bàbá Télọ̀, ó fi tẹ ìyẹ̀fun náà. Ó ké fín lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, bí sítáàṣì ṣe máa ń ké. Òun náà lá a. Kò ní adùn, kò ní ìkorò. Ẹkún gbé e.

Ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ tiwọn ni obìnrin náà gbé kaná, kò fi ti sítáàṣì ṣe é. Ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Ó fi ọwọ́ Bàbá Télọ̀ lé orí igi ìrokà, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó ń darí rẹ̀ yípo, nítorí ó ti rí i pé àgbàlagbà yìí ò rokà rí láyé. Ó dà á sínú fíláàsì ilé wọn, ó sì tì í jáde.

Ó sáré. Orúnkún rẹ̀ ń kígbe, ó sì sáré.

Ìyá gba ṣíbí àkọ́kọ́, ó fi sẹ́nu, kò gbé e mì. Ojú rẹ̀ yí lọ síbi ojú ọkọ rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ilé kan níbẹ̀ yẹn."

"Kò kan."

"Ògì wọn níbí kì í kan."

Ó gbé e mì. Ó gba èkejì. "Bàbáa wọn."

"Mo ń gbọ́."

"Sítáàṣì ni."

Bàbá Télọ̀ wo ilẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi se é fún kọ́là yín. Ẹ rò pé mi ò ní mọ̀ ọ́n? Ṣé wọ́n ti fi búlúù sí i?"

"Wọn ò fi sí i. Obìnrin náà tọ́ ọ wò. Èmi náà tọ́ ọ wò."

"Ó dáa. Ẹ bù sí i. Bí mo bá kú, kí wọ́n má wulẹ̀ tẹ́ mi o, ara mi á ti le. Kí wọ́n kàn lọ̀ mí, kí wọ́n fi mí kọ́ sára ògiri."

Kò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbé bàsíà, ó jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà tí búrẹ́dì ti padà wá. Ojú Ìyá fún pọ̀, ó di aṣọ ibùsùn mú, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, Bàbá Télọ̀ sì ti bàsíà mọ́ ọn lábẹ́ àgbọ̀n. Ó fi ọwọ́ tì í kúrò. Ó pa eyín pọ̀. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ọ̀fun náà tún lọ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú. Ìyá di ojú, kò sì là á mọ́. Bàbá Télọ̀ tẹ etí sí i, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ imú rẹ̀, ó dá èémí tirẹ̀ dúró kó má baà tan ara rẹ̀ jẹ.

"Ọwọ́ yín ń rùn bí ọṣẹ," ni Ìyá wí.

Ó fún un ní ife kejì ní aago mẹ́ta. Ìyẹn náà dúró.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ààbọ̀, ó bọ́jú fún un, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó we gèlè fún un. "Bí ẹni di ẹrù," ni Ìyá wí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀kẹwàá, Ìyá ní òun ò lè ṣe é mọ́. Ìró kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ ni. Ó ṣì ń kùn nípa ìkòkò rẹ̀, kò dáwọ́ kíkùn dúró rárá, ṣùgbọ́n ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Ìyá, ó sì gbé e ró dé ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé ìṣáná.

Bọ́ọ̀sì dé, dírẹ́bà ọjọ́ náà ló wà á. Ó dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Ó ti ń mirí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì na apá dí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni Ìyá wí.

"O ò lè dá..."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi mí sílẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ó dúró. Ó mì díẹ̀, ó dúró. Ó di irin ẹnu ọ̀nà mú lábẹ́ apá dírẹ́bà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fa ti òsì tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ àti ti dírẹ́bà wá ṣe déédéé. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí fún un. "Ẹ yà lọ́nà."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wo ẹnu rẹ̀, tí kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ó gbé apá kúrò. Ó ki ọ̀rá kan bọ Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lọ jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ rẹ̀.

Wákàtí kan kọjá, ọ̀rá náà ṣì gbẹ. Ìyá ti sùn, orí rẹ̀ wúwo lé èjìká ọkọ rẹ̀. Pápá ń sá lọ lójú fèrèsé, ilẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ń bọ̀, ó ń kọjá. Ní ìgbà yẹn ni nǹkan kan mú Bàbá Télọ̀ nínú, ó mú un bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ fún ìfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ronú títí kó tó yé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já wọn sílẹ̀, kò fi nǹkan kan sẹ́nu àfi omi àti ìyẹ̀fun tó lá. Ebi ni.

Ó rọra ṣí fíláàsì. Ìyókù ti tutù, ó ti dì mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó ha á, ó lá a. Kò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún ki ìka bọ̀ ọ́.

"Ẹ rọra o," ni Ìyá wí, kò la ojú. "Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."